Asà Ni Ojú Wọn: Àwọn Ọ̀tọ̀kùlú Inú Dígí Aláwọ̀ ní Ilé Ńlá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Lẹ́bàá ìlú Maidenhead, ní àgbègbè Berkshire, ilé onígi kan wà tó ń jẹ́ Ockwells. Igi óákù ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀, bíríkì ni wọ́n sì fi dí àlàfo àárín àwọn igi náà. John Norreys tó kọ́ ọ kì í ṣe ọmọ ọba, kò sì joyè Díúkù. Ẹmẹ̀wà ọba ni. Ó ń sin Ọba Henry Kẹfà nínú ìyẹ̀wù, ó sì di alábòójútó ibi tí wọ́n ń kó aṣọ àti ohun èlò ààfin pa mọ́ sí. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lówó nínú, ó sì ń sún ènìyàn mọ́ etí ọba. Nǹkan bí ọdún 1446 ni wọ́n gbà pé ó bẹ̀rẹ̀ ilé náà. Nígbà tó fi máa kú ní 1466, ilé àdúrà inú rẹ̀ kò tíì parí, ó sì fi owó sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀ kí wọ́n fi parí rẹ̀.

Inú gbọ̀ngàn ilé yìí ni ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Asà 18 ló wà nínú àwọn fèrèsé rẹ̀, dígí aláwọ̀ ni gbogbo wọn, iṣẹ́ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún sì ni. Akoto ogun wà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, aṣọ tí wọ́n gé etí rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn akoto. Lẹ́yìn asà, ọ̀rọ̀ ìdílé onítọ̀hún ń gba ìdàgẹ̀rẹ̀ kọjá, ọ̀rọ̀ kan náà léraléra láti òkè délẹ̀. “Ọlọ́run àti ẹ̀tọ́ mi” ni ti ọba, ní èdè Faransé. “Onírẹ̀lẹ̀ àti olóòótọ́” ni ti ayaba. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni onílé fi kọ tirẹ̀: “Fi òtítọ́ sìn.” Kò sí ojú ènìyàn kan lára àwọn asà náà. Síbẹ̀, bí àlejò kan bá jókòó jẹun níbẹ̀ ní 1460, kò ní béèrè ta ni wọ́n yà. Ó mọ̀ pé ọba àti ayaba ń wo òun láti ojú fèrèsé, àti pé àwọn Díúkù àti Bíṣọ́ọ̀bù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń sọ pé àwọn ará Sànmánì Àárín kò mọ ojú ènìyàn yà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwòrán ṣe ló yàtọ̀ sí ohun tí àwa fẹ́ lónìí. Nínú orí yìí, a óò wo bí asà ṣe di ojú ọ̀tọ̀kùlú, bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń fi iná àti òjé kọ ọ́, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú gidi wá dé.

Ojú kan náà, asà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kúrò nílé ẹmẹ̀wà ọba, ká lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn mọ́ǹkì ní Tewkesbury, ní Gloucestershire, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù. Nǹkan bí 1340 sí 1344 ni wọ́n ṣe dígí òkè ibi pẹpẹ níbẹ̀. Nínú fèrèsé méjì, ológun mẹ́jọ dúró, mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn olúwa ìlú náà ni wọ́n. Robert FitzHamon tó kú ní 1107 wà níbẹ̀, Robert tó jẹ́ Ẹ́ẹ̀lì Gloucester tó kú ní 1147 náà wà níbẹ̀. Mẹ́rin wá láti ìdílé de Clare, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn sì ni Gilbert tí àwọn ará Scotland pa ní ogun Bannockburn ní 1314. Àwọn méjì tó kù ni Hugh Despenser àti William de la Zouche.

Ìhámọ́ra kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. FitzHamon tó ti kú láti nǹkan bí igba ọdún ó lé ọgbọ̀n wọ irú ẹ̀wù ogun tí àwọn ọ̀dọ́ ológun ń wọ̀ lásìkò tí wọ́n ń ṣe dígí náà. Ìdúró wọn kò yàtọ̀, ojú wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí a bá nu àmì ara ẹ̀wù wọn kúrò, kò sẹ́ni tó lè sọ èwo ni bàbá, èwo ni ọmọ. Àmì náà ló ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tí ìlà pupa mẹ́ta tó ta ṣóńṣó sókè wà lára ẹ̀wù wúrà rẹ̀, ọmọ de Clare nìyẹn. Zouche ni ẹni tí àmì roboto oníwúrà bí owó ẹyọ fọ́n ká orí pupa rẹ̀.

Ẹ fojú sí Despenser. Àyànfẹ́ Ọba Edward Kejì ni, ó sì fi ojú rere ọba gba ilẹ̀ onílẹ̀ títí ìlú fi gbóná. Ní oṣù kọkànlá 1326 ni wọ́n mú un, wọ́n fà á gba ìgboro Hereford, wọ́n sì pa á ní ikú ọ̀dàlẹ̀. Kò tó ogún ọdún lẹ́yìn náà tó fi dúró nínú dígí bí ọmọlúàbí láàárín àwọn baba ńlá ìyàwó rẹ̀. Orúkọ ìyàwó náà ni Eleanor de Clare. Zouche ni ó fẹ́ lẹ́yìn ikú Despenser, àwọn onímọ̀ sì gbà pé Eleanor yìí ló wà nídìí iṣẹ́ dígí náà. Ọkọ rẹ̀ méjèèjì ló tò sójú kan náà pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ti sọ ohun tó fẹ́ sọ nípa Despenser. Dígí sọ ohun mìíràn, ohùn dígí ló sì dé ọ̀dọ̀ wa láìdákẹ́.

Bí oríkì orílẹ̀ ṣe ń dá ènìyàn mọ̀ láìsọ ohunkóhun nípa imú tàbí ẹnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni asà ń ṣe. Ìdílé tí ènìyàn ti wá ló ń sọ, àti ilẹ̀ tí ìdílé náà ní.

Iná, eérú àti òjé

Yanrìn àti eérú igi ni dígí Sànmánì Àárín. Eérú ló ń mú kí yanrìn tètè yọ́ nínú iná. Bí oníṣẹ́ bá fẹ́ àwọ̀, inú ìkòkò tí dígí ti ń yọ́ ni yóò ti fi í sí: kóbáàtì fún aró, mangáníìsì fún àwọ̀ àlùkò, bàbà fún àwọ̀ ewé tàbí pupa. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe dígí funfun nínú igbó Surrey, Sussex àti Staffordshire, ṣùgbọ́n òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú dígí aláwọ̀ ti ń wá. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé àdúrà tí wọ́n sin Richard Beauchamp, Ẹ́ẹ̀lì Warwick, sí, àwọn tó ń bójú tó ogún rẹ̀ bá John Prudde, oníṣẹ́ dígí ọba, ṣe àdéhùn ní 1447. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé dígí tó dára jù láti òkè òkun ni kó lò, kó má ṣe lo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣílè méjì ni wọ́n ń san fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, owó ńlá sì ni nígbà náà. Prudde náà kò já wọn kulẹ̀. Ó lu ihò kéékèèké sára dígí aṣọ àwọn ènìyàn inú àwòrán, ó sì fi èérún dígí aláwọ̀ mìíràn dí wọn bí òkúta iyebíye.

Kí wọ́n tó gé ohunkóhun, wọ́n á kun tábìlì ní ẹfun, wọ́n á sì ya gbogbo àwòrán fèrèsé náà sórí rẹ̀. Orí àwòrán yìí ni wọ́n ń gbé dígí lé, tí wọ́n fi ń gé e. Irin gbígbóná ni wọ́n ń fi la dígí, kì í ṣe dáyámọ́ńdì. Wọ́n á wá fi irin eléyín máa bù ú jẹ létí díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá ìlà mu. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ya ojú, irun àti ìṣẹ́po aṣọ jẹ́ irin tàbí bàbà tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ èérún dígí, tí wọ́n sì fi ọtí wáìnì tàbí ìtọ̀ pò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sun ún nínú iná kí ọ̀dà náà lè wọ ara dígí. Òjé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní kòtò méjì ni wọ́n fi ń so àwọn ègé náà pọ̀, wọ́n á sì jó oríta òjé kọ̀ọ̀kan pọ̀ kó lè dúró.

Ibi tí iṣẹ́ asà ti le ni pé àmì kéékèèké ló ń wà lórí àwọ̀ tó tẹ́jú. Ẹ wo asà ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: kìnnìún wúrà mẹ́ta lórí pupa. Tí oníṣẹ́ bá ní kí òun gé kìnnìún kọ̀ọ̀kan láti inú dígí rẹ́súrẹ́sú, kó sì fi òjé yí i ká, òjé yóò bo ìrù àti èékánná mọ́lẹ̀. Ohun méjì ló yọ wọ́n nínú ìṣòro yìí. Àkọ́kọ́ ni pé dígí pupa kì í pupa dénú. Bí ó bá pupa dénú, dúdú ni yóò rí lójú fèrèsé. Nítorí náà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pupa ni wọ́n ń dà bo dígí funfun. Oníṣẹ́ lè fi òkúta líle ha pupa yìí kúrò ní ìrísí kìnnìún títí funfun abẹ́ rẹ̀ yóò fi yọ. Èkejì ni fàdákà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìnlá ni wọ́n ti mọ̀ pé bí èròjà fàdákà bá wà lẹ́yìn dígí funfun, tí wọ́n sì sun ún, dígí náà yóò di rẹ́súrẹ́sú bíi wúrà. Bí wọ́n bá ti ha pupa tán, tí wọ́n kun fàdákà sẹ́yìn, kìnnìún wúrà jáde lórí pupa, ègé dígí kan ṣoṣo, láìsí òjé láàárín. Ẹ fojú inú wo sùúrù ọmọ iṣẹ́ tó ń ha ìrù kìnnìún lórí dígí tó tinrín tó bẹ́ẹ̀, tó sì mọ̀ pé bí ó bá fọ́, owó ọkọ̀ òkun ló fọ́.

Bí a ṣe ń ka asà

Òfin kan wà tó rọrùn: wúrà àti funfun kì í gun ara wọn, àwọ̀ yòókù náà kì í gun ara wọn. Aró kì í wà lórí pupa, ṣùgbọ́n wúrà lè wà lórí aró. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é ni kí asà lè hàn láti ọ̀nà jíjìn nínú eruku ogun. Òfin ogun yìí ló sì mú kí asà dára nínú fèrèsé, nítorí ohun tó hàn lókèèrè hàn nínú dígí.

Ọgbọ́n tó kù ni ti ìbátan. Bí ọkùnrin bá gbéyàwó, wọ́n lè la asà sí méjì, kí àmì ọkọ wà lápá kan, kí ti ìdílé ìyàwó wà lápá kejì. Ìdí nìyí tí asà Margaret ti Anjou ní Ockwells fi kún fọ́fọ́. Apá kan jẹ́ ti ọkọ rẹ̀, Henry Kẹfà. Apá kejì pín sí mẹ́fà: Hungary, Naples, Jerúsálẹ́mù, Anjou, Bar àti Lorraine. Bàbá rẹ̀, René, ń pe ara rẹ̀ ní ọba ibi tí kò jọba lé. Jerúsálẹ́mù ti bọ́ lọ́wọ́ irú wọn tipẹ́tipẹ́, ọba mìíràn sì ti gba Naples lọ́wọ́ René fúnra rẹ̀ ní 1442. Ṣùgbọ́n dígí kì í béèrè ìwé ilẹ̀. Asà lè máa di ẹ̀tọ́ mú lẹ́yìn tí ọwọ́ ti padánù rẹ̀.

Asà Edmund Beaufort, Díúkù Somerset, kọ́ni ní ohun mìíràn. Bí ẹ bá kánjú wò ó, ẹ óò pè é ní ti ọba, nítorí òdòdó lílì ilẹ̀ Faransé àti kìnnìún Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí rẹ̀. Etí rẹ̀ ló sọ òtítọ́: ìgbátí funfun àti aró yí i ká. Ọmọ ọmọ John ti Gaunt, ọmọ Ọba Edward Kẹta, ni Beaufort, obìnrin tí John kò tíì fẹ́ sílé nígbà náà ló sì bí baba rẹ̀ fún un. Ìgbátí náà ló ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọba ni, àmọ́ kì í ṣe àrólé.

Asà onílé wá ńkọ́? Orí ẹyẹ ìwò mẹ́ta, dúdú lórí funfun, pẹ̀lú ìlà kan tó ta ṣóńṣó láàárín wọn. Ó wà nínú gbọ̀ngàn kan náà pẹ̀lú ti ọba. Mo rò pé ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ dígí náà dá lé. Norreys kò lè sọ pé ọba ni bàbá òun, ṣùgbọ́n ó lè fi han gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ibi tí orúkọ wọn wà ni orúkọ òun náà wà.

Ohun tó dé bá àwọn inú fèrèsé

N kò ní sọ gbogbo ìtàn Ogun Àwọn Òdòdó Róòsì níbí, ìyẹn ogun tí ẹ̀gbẹ́ Henry Kẹfà àti ẹ̀gbẹ́ Edward Kẹrin fi du ìtẹ́. Ẹ kàn ka àwọn asà Ockwells pẹ̀lú ọjọ́ ikú àwọn tó ni wọ́n. Beaufort ṣubú ní ogun St Albans ní oṣù karùn-ún 1455. James Butler, Ẹ́ẹ̀lì Wiltshire, ni wọ́n bẹ́ lórí ní Newcastle ní oṣù karùn-ún 1461, lẹ́yìn ogun Towton. John Wenlock, tó ti yí ẹ̀gbẹ́ padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kú ní ogun Tewkesbury ní oṣù karùn-ún 1471. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n pa Ọba Henry nínú Ilé Ìṣọ́ London. Margaret di ìgbèkùn, wọ́n dá a padà sílẹ̀ Faransé, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1482, láìlọ́kọ láìlọ́mọ. Ní 1450, àwùjọ alágbára ni fèrèsé náà. Ní 1471, itẹ́ òkú ni.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi fọ́ ọ nígbà tí Edward Kẹrin gba ìtẹ́? Ẹ kíyè sí i pé asà ọba fúnra rẹ̀ kò ní orúkọ. Asà tí Henry lò náà ni Edward lò, nítorí oyè ló ni ín. Ti Margaret nìkan ló ń pariwo ayé ìjọsí. Ìyẹn náà ló ń ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ọjọ́ orí iṣẹ́ náà: ní 1445 ni Margaret wọlé ọkọ, nítorí náà asà rẹ̀ kò lè ṣáájú ọdún yẹn. Ní ìparí, ó ṣòro láti gbà pé ọlọ́gbọ́n kan yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé asà Wiltshire sójú fèrèsé lẹ́yìn 1461, nígbà tí ọba tuntun ti bẹ́ ẹ lórí. Àbá ni èyí, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ kọ́ láti ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Nígbà tí ojú dé

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn oníṣẹ́ dígí láti Flanders ti wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì mú àṣà tuntun dání. Ibi tó dára jù láti rí i nínú ilé ìgbèríko ni The Vyne, ní Hampshire, ilé William Sandys tó di olórí ìyẹ̀wù ọba ní 1526. Nínú ilé àdúrà rẹ̀, ènìyàn mẹ́ta kúnlẹ̀ nínú fèrèsé mẹ́ta: Henry Kẹjọ, ìyàwó rẹ̀, Catherine ti Aragon, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Margaret, ayaba Scotland. Ẹni mímọ́ tó jẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan wọn dúró tì wọ́n. Ìjìyà àti àjíǹde Jésù ló wà lókè. Níbí, ojú ènìyàn pàtó ni wọ́n gbìyànjú láti yà, pẹ̀lú òjìji ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìwúwo aṣọ.

Ojú sì ní wàhálà tirẹ̀. Ní 1535, Henry bẹ Sandys wò ní The Vyne, Anne Boleyn ló sì mú dání, nítorí ó ti kọ Catherine sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé ilé àdúrà Ẹ̀mí Mímọ́ ní Basingstoke ni wọ́n ṣe lára dígí náà fún, tí wọ́n wá kó o wá sí The Vyne lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wà níbẹ̀ ní 1535, a jẹ́ pé ìyàwó àkọ́kọ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ lójú fèrèsé nígbà tí ìkejì wọlé wá gbàdúrà. Lára àwọn tí wọ́n fi ẹ̀sùn kan pẹ̀lú Anne, tí wọ́n sì bẹ́ lórí ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ni Henry Norris, ọmọ ìran John Norreys ti Ockwells.

Dígí a máa rìn

Ẹ má rò pé ibi tí ẹ bá ti bá dígí ni wọ́n ṣe é fún. Fún ìgbà pípẹ́, dúkìá tó ṣeé gbé ni wọ́n ka dígí fèrèsé sí. Ẹni tó bá ń kó kúrò nílé lè tú u lọ bí ó ṣe ń kó ibùsùn rẹ̀. Ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn adájọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ là á pé ara ilé ni. Òfin náà kò sì dá olówó dúró. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ockwells ti di ilé àgbẹ̀, wọ́n yọ asà 18 náà lọ sí Taplow Court kí wọ́n má baà bàjẹ́, kí wọ́n tó dá wọn padà nígbà tí wọ́n tún ilé náà ṣe. Ní Gilling Castle, ní Yorkshire, Bernard Dininckhoff ṣe dígí asà fún Sir William Fairfax ní 1585, ó sì fọwọ́ sí i. William Randolph Hearst, ọlọ́jà ìwé ìròyìn ará Amẹ́ríkà, ra dígí náà láàárín ogun àgbáyé méjèèjì. 1952 ló tó padà sójú fèrèsé rẹ̀.

Àtúnṣe náà ń yí ìtàn padà. Ní Warwick, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ti ba dígí Prudde jẹ́ nínú ogun abẹ́lé ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọ́n ṣa èyí tó kù jọ. Orí Ẹ́ẹ̀lì Richard ti sọnù, ni wọ́n bá gbé orí obìnrin kan láti ibòmíràn nínú dígí náà lé ọrùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kúnlẹ̀ títí di òní, ojú obìnrin lókè, àmì Beauchamp lára aṣọ. Kò sì sẹ́ni tó ṣi ọkùnrin náà mọ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ya asà tìrẹ fún ọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ní kìnnìún wúrà lórí aró, tí ìyàwó rẹ̀ sì wá láti ìdílé de Clare. Rí i pé o kò ṣẹ̀ sí òfin àwọ̀. Ṣàlàyé ìdí tí dígí pupa fi ṣeé ha, àti ìdí tí ìyẹn fi wúlò fún asà ọba ju fún asà John Norreys lọ. Nínú ẹ̀rí tí orí yìí lò láti mọ ọjọ́ orí dígí Ockwells, èwo ni ìwọ yóò kọ́kọ́ fi sílẹ̀ bí ẹnì kan bá fi hàn ọ́ pé wọ́n tún àwọn asà kan ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí sì nìdí?